Ilé-Ẹ̀kọ́ tí Adétọ́lá Ń Wá

Inú òjò ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni Ayọ̀bámi ti kọ́kọ́ rí i. Òjò náà ń lu páànù àwọn ilé àdúgbò Banikanni ní Parakou bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ìjà, gbogbo ènìyàn sì ti sá sábẹ́ àjà. Àwọn zémìjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò pàápàá ti dúró sábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù lójú títì. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó wé gèlè búlúù kékeré kan, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni pé oòrùn ló ń ràn, omi sì ń ṣàn láti orí rẹ̀ dé ẹsẹ̀.

Ayọ̀bámi dúró níwájú ilé apoògùn kan pẹ̀lú agbòjò ńlá. Kò mọ ìgbà tó bọ́ sínú òjò. Ó na agbòjò náà sórí ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ó sún kúrò lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, fòfó, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè lò ó lónìí."

"Lónìí nìkan?"

"Lónìí nìkan."

Zémìjàn kan ké sí i pé kó gùn, òun ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mi orí, ó dúpẹ́, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ayọ̀bámi wò ó títí ó fi yà sí ọ̀nà Titirou. Ó rò ó pé ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ ló jẹ́, ó lè jẹ́ pé ó ń sá fún nǹkan, ó sì lè jẹ́ pé orí rẹ̀ ò pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ ò pé kì í dúpẹ́ báyẹn.

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ayọ̀bámi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Banikanni. Ọmọ Ìdàáṣà ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó máa ń jókòó sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìkówèésí, tí yóò máa bá àwọn tó ti gba BAC, ìwé ẹ̀rí àṣekágbá ilé-ìwé girama, wá yunifásítì lókè òkun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé òjò yẹn, ọmọbìnrin aláṣọ funfun náà wọlé.

Àwọn méjèèjì dá ara wọn mọ̀. Ojú ọmọbìnrin náà sì pa dé bí ilẹ̀kùn. Ó ní orúkọ òun ni Adétọ́lá Ògúnyẹmí. Ó pè é ní Mùsé bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ ọkùnrin, ó ní kó jọ̀ọ́ ti ilẹ̀kùn, ó bi í bóyá ẹlòmíràn ń ka ohun tó bá tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà náà, lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó bá wá.

"Mo ń wá yunifásítì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù pọ̀ sí, Mùsé."

Láti ọdún márùn-ún tí Ayọ̀bámi ti ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n ti béèrè ibi tí òtútù ò ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti béèrè ibi tí àbúrò bàbá wọn ń gbé. Ẹnì kankan ò béèrè èyí rí. Ó bi í pé kí ló dé.

"Ṣé ìbéèrè yẹn wà nínú fọ́ọ̀mù ni?"

Ayọ̀bámi rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi jáde. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó ń rán awọ àga ọkọ̀ akẹ́rù ní Titirou. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ó ń ka Bíbélì fúnra rẹ̀, ó dé ibi òfin ọjọ́ keje, ó lọ bi pásítọ̀ rẹ̀ ta ló yí i padà. Ìdáhùn tí wọ́n fún un ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òun àti ilé márùn-ún mìíràn kúrò nínú ìjọ, wọ́n wá rábì kan lórí fóònù, wọ́n kọ́ lẹ́tà Hébérù bí ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ayé Júù. Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, wọn kì í dáná, wọn kì í gun ọkọ̀, wọn kì í ṣí agbòjò.

Adétọ́lá ti lo ọdún kan ní yunifásítì kan ní gúúsù. Ìdánwò méjì bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò lọ, ọdún náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó lọ ṣàlàyé, wọ́n bi í bóyá ọjọ́ Àìkú ò tó Ọlọ́run rẹ̀.

"Ó ti sú mi kí n máa ṣàlàyé," ló sọ fún Ayọ̀bámi. "Mo fẹ́ dé ibi tí èmi náà máa jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀pọ̀."

Ayọ̀bámi ò gbà á gbọ́ tán. Ó ti rí oríṣiríṣi ọgbọ́n tí ènìyàn ń dá nítorí físà. Ó wá dẹ ẹ́ wò: ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni òun yóò ráyè fi fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ kan tó dára hàn án.

"A jẹ́ pé mi ò ní rí i nìyẹn," ni Adétọ́lá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀.

Ojú ti Ayọ̀bámi. Ó jẹ́wọ́ pé òun ń dán an wò ni. Adétọ́lá wò ó pẹ́, ó ní kò burú, pé òun náà ti ń dán an wò láti ìgbà tó ti wọlé, kò sì tíì yege.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n béèrè ohun tí Ayọ̀bámi ò rò rí pé ènìyàn ń béèrè nípa ilé-ẹ̀kọ́: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ibẹ̀ tó mélòó, ṣé ilé ìdáná tó ń tẹ̀lé òfin wọn wà, ṣé wọ́n ń sún ìdánwò ọjọ́ Àbámẹ́ta síwájú, báwo ni ilé àdúrà ṣe jìnnà sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, nítorí ẹsẹ̀ ni yóò máa fi rìn ín. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló kù nínú àyẹ̀wò wọn, ọ̀kan ní ilẹ̀ Faransé, méjì ní Montréal. Èyí tí ọkàn Adétọ́lá fà sí jù wà ní Montréal.

Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Júù ibẹ̀. Akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nàómì, dá èsì padà. Ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. Rábì wo ló mọ̀ yín? Ta ló gbà yín wọlé? Báwo ni Júù ṣe ń jẹ́ Ògúnyẹmí?

Adétọ́lá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Àwọn aládùúgbò wa ní a ti fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà ní a kì í ṣe tiwọn."

Ayọ̀bámi ní kó jẹ́ kí òun wá wo ilé wọn, kí òun lè kọ ohun tí òun bá rí ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà le. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan ti wá bá wọn ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ó jẹun wọn, ó sì ya fídíò wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ẹgbẹ́ awo kan rèé ní Parakou. Láti ìgbà náà ni Bàbá Ògúnyẹmí ò ti ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò.

Ó ṣí i fún Ayọ̀bámi, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ní kó tú gbogbo àpò rẹ̀ síta, kó sì fi fóònù sí ilé kejì. Ó fi í jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí oòrùn Jímọ̀ ṣe ń wọ̀, ìyá Adétọ́lá tan fìtílà méjì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, ó gbàdúrà. Bàbá súre fún ọmọ rẹ̀, ó súre fún búrẹ́dì, wọ́n sì gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹja wá. Wọ́n kọrin kan tí Ayọ̀bámi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, ojú Bàbá ò kúrò lára rẹ̀.

Lẹ́tà tí Ayọ̀bámi kọ ò gùn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò lè sọ bóyá Júù ni wọ́n, nítorí òun ò mọ ohun tó ń sọni di Júù. Ṣùgbọ́n òun lè búra pé kò sí ẹnì kankan nínú ilé náà tó ṣe nǹkan kan nítorí pé àlejò ń wò ó. Nàómì dá èsì padà lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun á bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì yunifásítì.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ti yàtọ̀. Wọn a máa ra wàgásì díndín lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọn a jọ jẹ ẹ́ lórí ìwé. Wàràkàṣì àwọn Fúlàní yìí, Adétọ́lá kì í jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹran, nítorí òfin wọn ò gbà kí wọ́n da wàrà pọ̀ mọ́ ẹran. Lọ́jọ́ kan, ó rí i pé Ayọ̀bámi náà ti ti ẹran tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹran yín, Mùsé?"

"Ẹnu mi ni."

"Ẹnu yín ti ń gbọ́ràn jù. Ẹ ṣọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí eyín rẹ̀ hàn nìyẹn.

Àdírẹ́sì íméèlì Ayọ̀bámi ni wọ́n lò fún fọ́ọ̀mù yunifásítì náà. Ní ọjọ́ Ajé kan, èsì dé láti Montréal: wọ́n gbà á láti kọ́ ìmọ̀ ìpoògùn, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kó dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ayọ̀bámi kà á tán, ó pa kọ̀ǹpútà. Ó ní òun á sọ fún un lọ́la. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Adétọ́lá bi í bóyá nǹkan dé, ó ní rárá. Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún ní rárá.

Ní ọjọ́ Ajé kejì, Adétọ́lá wọlé láìkanlẹ̀kùn. Nàómì ti kọ̀wé sí i, ó kí i kú oríire, ó sì bi í ìdí tí kò fi dáhùn.

"Ọjọ́ wo ni lẹ́tà náà dé?"

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá."

"Mo wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo wá ní Ọjọ́bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé?"

Ayọ̀bámi ò gbé orí sókè. "Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ. Tí o bá lọ, mi ò mọ ohun tó kù fún mi níbí."

Láti oṣù méjì ni Adétọ́lá ti ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó wá dé báyìí, irọ́ ló sì gbé e wá. Ó ní, "Bàbá mi ní kí n má gbẹ́kẹ̀ lé ọ. Mo bá a jà lórí rẹ." Kò pè é ní Mùsé mọ́, kò sì lo "ẹ" fún un mọ́. Ó ní kó tẹ lẹ́tà náà jáde sórí ìwé, ó gbà á, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ayọ̀bámi lọ sí Titirou, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣe fún Bàbá Ògúnyẹmí fúnra rẹ̀. Ó rò pé wọ́n á lé òun jáde. Bàbá kàn gbé abẹ́rẹ́ tó fi ń rán awọ sílẹ̀.

"Mo fura sí ọ pé o ní kámẹ́rà," ló wí. "Mo fura pé ìjọba ló rán ọ, pé pásítọ̀ ló rán ọ. Ìyá ọmọ yìí ní ìfẹ́ ni, mo ní irọ́ ni. Dìde. Ọmọ mi máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì pa òfin yìí mọ́ ò lè fẹ́ ẹ."

Ayọ̀bámi ní òun mọ̀. Adétọ́lá jáde láti inú yàrá.

"Má ṣe di Júù nítorí mi," ló wí. "Tí o bá ṣe é nítorí mi, màá fura sí ọ títí tí màá fi kú."

Oṣù kẹjọ ló lọ. Ní ibùdókọ̀, níbi tó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ Kùtọnù, ó sọ fún Ayọ̀bámi pé òun ti dárí jì í, pé kó máa pe òun, ṣùgbọ́n kó má tún fi nǹkan kan pamọ́ fún òun mọ́. Ayọ̀bámi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bá a gbé àpò rẹ̀ sínú ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì gbéra.

Ohun tó wá ló bá ní Montréal. Ní alẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ló yí tábìlì ká, kò sì sí ẹni tó bi í ìdí tí kò fi tan iná. Ó rìn nínú yìnyín lọ sí ilé àdúrà, àwọn mìíràn ń rìn níwájú rẹ̀, àwọn mìíràn lẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo ojú ló gbà á tán; àwọn kan ṣì ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, wọ́n ń béèrè ìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n Nàómì ti di ọ̀rẹ́, ó sì ń bá a dáhùn kó tó la ẹnu.

Òun àti Ayọ̀bámi máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìfẹ́ wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e. Tí oòrùn bá ti wọ̀ ní Parakou ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sán ni ní Montréal, ó sì máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ọjọ́ Ìsinmi tirẹ̀ tó wọlé. Ìgbà gbogbo ni fóònù Ayọ̀bámi máa ń wà ní pípa. Ó rò pé iná mànàmáná ló lọ. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́fà kọjá, Jímọ̀ kan ò yẹ̀. Ó bi í léèrè.

"Mo máa ń sinmi," ni Ayọ̀bámi wí, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọkùnrin tó pa fóònù ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ẹni tó fi lẹ́tà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lè fi obìnrin pamọ́ fún ọdún kan. Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n Adétọ́lá, ó sì gba máàkì tó kéré débi pé kò gba irú rẹ̀ rí. Níkẹyìn, ó pe Màrwá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ ní àdúgbò Albarika ní Parakou. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tọ Ayọ̀bámi lẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà ò dùn mọ́ Màrwá, ṣùgbọ́n ó ṣe é ní Jímọ̀ méjì. Ọjọ́ Àìkú ló pè padà.

"Ó wọ aṣọ funfun," ni Màrwá wí. "Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n fi aṣọ bò. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Titirou, ó wọ ilé kan, kò sì jáde títí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Adétọ́lá jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ilé ta ni?"

"Tọ́lá, ilé yín ni."

Ìyá rẹ̀ ló wá sọ ìyókù fún un. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tó lọ ni Ayọ̀bámi wá kan ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá dá a padà, gẹ́gẹ́ bí àwọn rábì àtijọ́ ṣe ń ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó jẹ́ kó wọlé. Oṣù mẹ́rìnlá nìyí, kò pa Jímọ̀ kan jẹ. Ó ti ń ka Hébérù, ohùn rẹ̀ ò sì dùn rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún Adétọ́lá.

Adétọ́lá pè é.

"O tún fi nǹkan pamọ́ fún mi."

"Mo fi pamọ́."

"Nítorí kí ni?"

"O ní tí mo bá ṣe é nítorí rẹ, wàá máa fura sí mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá màá lè ṣe é níbi tí ojú rẹ ò tó."

"Ṣé o wá lè ṣe é?"

"Oṣù àkọ́kọ́, nítorí rẹ ni. Mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́. Lẹ́yìn náà, mo rí i pé láti Ọjọ́rú ni mo ti ń retí Jímọ̀. Ìbéèrè tí bàbá rẹ bi pásítọ̀ rẹ̀, èmi náà ti ń bi ara mi. Tó bá jẹ́ pé o rí ẹlòmíràn fẹ́ níbẹ̀, ó máa dùn mí gan-an, Tọ́lá. Ṣùgbọ́n tí Jímọ̀ bá dé, màá ṣì lọ."

Kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó lè wọ̀ ọ́ lára tó èyí. Adétọ́lá sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó ní, "Mi ò rí ẹlòmíràn. Dúró dè mí."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ, olólùfẹ́ mi?"

Ìdúródè náà ò rọrùn. Ìyá Ayọ̀bámi wọ ọkọ̀ láti Ìdàáṣà nígbà tó gbọ́, ó ní ta ló mú ọmọ òun wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ó lo ọjọ́ Ìsinmi kan ní ilé Ògúnyẹmí, tòun ti rósárì lọ́wọ́, ó ń wo abẹ́ àga, ó ń wo inú ìkòkò. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun ò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òun ò rí èèwọ̀ kankan níbẹ̀, àti pé ìyá ọmọbìnrin náà mọ iyán gún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, rábì mẹ́ta wá láti òkèèrè láti yẹ ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi da ìbéèrè bo Ayọ̀bámi, pàápàá nípa ọmọbìnrin tó wà ní Montréal. Ó dá wọn lóhùn bó ṣe dá Adétọ́lá lóhùn. Wọ́n jọ lọ sí odò, ó ri ara rẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀mẹta, òun àti àwọn ará ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ pé Júù ni wọ́n.

Adétọ́lá gba oyè rẹ̀, ó padà wálé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìgbéyàwó wọn, ní àgbàlá ilé ní Titirou, lábẹ́ aṣọ funfun tí ọkùnrin mẹ́rin fi ọ̀pá gbé sókè. Nàómì wá láti Montréal, Màrwá sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wé gèlè. Nígbà tí Ayọ̀bámi fi òrùka sí i ní ìka, ó rọra bi í bóyá ó ṣì ń fura sí òun. Adétọ́lá ní díẹ̀, pé ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí òun sùn gbàgbé rẹ̀.

Banikanni ni wọ́n ń gbé. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú ilé tiwọn, Adétọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan fìtílà tán, wọ́n ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Aládùúgbò wọn, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ràyhánátù, ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní òun rí iná tó ń mì, òun sì gbọ́ orin tí òun ò mọ̀, àdúgbò ti ń sọ̀rọ̀, òun sì fẹ́ fi ojú ara òun rí ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ayọ̀bámi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Adétọ́lá fi ọwọ́ kan apá rẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn náà títí ó fi kan ògiri.

"Ẹ wọlé, Ìyá," ló wí. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jẹun ni."

Ìyá àgbà náà wo inú ilé, ó wo ọkọ, ó wo ìyàwó. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé, ó sì jókòó.